Ẹ̀tọ́ ìpinnu ara-ẹni: ohun tí òfin sọ àti ohun tí kò sọ

Láti ọdún 2021 tí ìwọ́de àwọn tó ń béèrè Yorùbá Nation ti gba ìgboro Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Àkúrẹ́ àti Èkó, ìbéèrè kan ń jà ràn-ìn nílé àti lókè òkun: ṣé lóòótọ́ ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti fọwọ́ sí i pé ẹ̀yà tó bá wù ú lè dá orílẹ̀-èdè tirẹ̀ sílẹ̀? Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ìwé rẹ̀ wà ńlẹ̀, ìjọba ló ń fi pamọ́ fún wa. Àwọn mìíràn ní irọ́ gbuu ni, pé ẹni tó bá tilẹ̀ dárúkọ ọ̀rọ̀ náà ti dìtẹ̀ mọ́ ìjọba.

Ìhà méjèèjì ló ṣi òfin náà kà, àṣìkà yìí sì ti kó ọmọ ọlọ́mọ sí wàhálà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn kan wọ aṣọ tó jọ ti ológun, wọ́n gbé ìbọn, wọ́n ya wọ ọgbà ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní Agodi, n'Ìbàdàn, wọ́n ní orílẹ̀-èdè tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Àgọ́ ọlọ́pàá ni ọ̀pọ̀ wọn bá ara wọn. Ká ní ẹnì kan ti jókòó ṣàlàyé ẹ̀tọ́ yìí fún wọn bó ṣe rí gan-an, mo gbà pé púpọ̀ nínú wọn kì bá tí dé Agodi.

Àwọn agbẹjọ́rò ń pè é ní self-determination. Ẹ̀tọ́ ìpinnu ara-ẹni ni màá máa pè é níbí. Ohun tó ń da orí rú nínú rẹ̀ ni pé orúkọ kan ṣoṣo ni, àmọ́ ohun mẹ́ta ni àwọn ènìyàn máa ń fi orúkọ náà pè. Nígbà míì, ẹ̀tọ́ àwọn tí amúnisìn ń jọba lé lórí láti gba òmìnira ni wọ́n ní lọ́kàn. Nígbà míì, ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn láti ní ohùn nínú bí wọ́n ṣe ń ṣèjọba wọn ni, láì kúrò nínú orílẹ̀-èdè tí wọ́n wà. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, yíya kúrò pátápátá ni. Òfin fọwọ́ sọ̀yà lórí àkọ́kọ́, ó fọwọ́ sí èkejì dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta ni gbogbo ayé ń fojú ẹ̀rù wò. Ẹni tó bá wá mú ìwé tí wọ́n kọ nítorí àkọ́kọ́, tó sì ń fi jà fún ẹ̀kẹta, yóò ka ìwé náà dópin, ìdí tí ayé kò fi dá a lóhùn kò sì ní yé e.

Ẹ̀tọ́ náà wà

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fìdí èyí múlẹ̀. Ó wà ní abala kìíní ìwé tí wọ́n fi dá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sílẹ̀ ní San Francisco lọ́dún 1945. Ó wà nínú àdéhùn méjì tí àjọ náà gbé jáde lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lọ́dún 1966. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ àwọn méjèèjì: gbogbo ènìyàn lápapọ̀ ló ní ẹ̀tọ́ láti pinnu irú ìjọba tí wọn yóò wà lábẹ́ rẹ̀ àti bí ọrọ̀ ajé wọn àti àṣà wọn yóò ṣe máa lọ. Nàìjíríà tọwọ́ bọ àdéhùn méjèèjì ní 1993. Kí ó tó dìgbà náà, àwọn olórí Áfíríkà ti ṣe ìwé àdéhùn tiwọn lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní 1981, abala 20 rẹ̀ sì sọ pé ẹ̀tọ́ yìí kò ṣeé jiyàn, kò sì ṣeé gbà lọ́wọ́ ẹni. Nàìjíríà sọ ìwé yẹn di òfin ilẹ̀ rẹ̀ ní 1983. Nítorí náà, ẹni tó ń sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ìpinnu ara-ẹni kò tíì ka òfin orílẹ̀-èdè tirẹ̀.

Ohun kan ni gbogbo ìwé wọ̀nyí fi sílẹ̀ láìsọ. Wọ́n ní "àwọn ènìyàn" ló ni ẹ̀tọ́ náà, ṣùgbọ́n wọn kò sọ àwọn wo ni. Ṣé àwọn tó ń sọ èdè kan náà ni? Ṣé gbogbo àwọn tó wà láàárín ààlà kan ni? Ṣé Yorùbá ni, àbí Nàìjíríà? Inú àlàfo yìí ni gbogbo ìjà náà ti ń jáde.

Ti amúnisìn

Ní ìparí ogun àgbáyé kìíní ni ọ̀rọ̀ náà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Lenin, olórí àwọn Bolshevik, ti ń sọ ọ́ ní Rọ́ṣíà, Wilson tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà náà mú un ní 1918. Àwọn ẹ̀yà Yúróòpù tí wọ́n wà lábẹ́ àwọn ìjọba ńlá tó wó lulẹ̀ ni Wilson ní lọ́kàn. Áfíríkà kò sí nínú ìṣirò náà rárá: Tógò àti Kamẹrúùnù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Jámánì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló pín in láàárín ara wọn, wọn kò sì bi ọmọ onílẹ̀ kankan.

Àwọn èwe wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bi òyìnbó léèrè bóyá dúdú wà nínú ìlérí náà. Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin, ló ṣagbátẹrù ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní WASU, tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1925. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1941, Churchill, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Roosevelt, ààrẹ Amẹ́ríkà, jọ kéde pé àwọn yóò bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn láti yan irú ìjọba tó bá wù wọ́n. Lóṣù kan náà, Clement Attlee, ọ̀kan nínú àwọn àgbà mínísítà Churchill, bá ẹgbẹ́ WASU sọ̀rọ̀, ó sì jẹ́ kó yé wọn pé ìlérí náà kan gbogbo àwọ̀, dúdú àti funfun. Kò ju oṣù kan lọ tí Churchill fi dìde nílé aṣòfin tó ní àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí Hitler gbà lòun ní lọ́kàn. Mínísítà méjì nínú ìjọba kan náà, lórí ọ̀rọ̀ kan náà, láàárín oṣù kan. Àwọn ọmọ Áfíríkà kò jẹ́ kí ó lọ bẹ́ẹ̀. Ní 1943, Nnamdi Azikiwe àti àwọn oníròyìn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà gbé ìwé lọ bá ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní kí wọ́n mú ìlérí náà ṣẹ lọ́dọ̀ tiwa.

Ọdún 1960 ni ìlérí náà wá di ìpinnu tó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ìpinnu nọ́ńbà 1514 kalẹ̀ pé kí ìjọba amúnisìn dópin kíákíá. Orílẹ̀-èdè 89 ló dìbò fún un, kò sí ẹni tó tako ó, àwọn 9 ló káwọ́ gbera tí wọn kò dìbò, lára wọn sì ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Potogí àti Amẹ́ríkà. Nàìjíríà kò tíì lo oṣù mẹ́ta nínú àjọ náà nígbà yẹn.

Ìwé yìí ni wọ́n sábà máa ń gbé kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn kejì, èyí tó ní gbogbo ènìyàn lápapọ̀ ló ní ẹ̀tọ́ ìpinnu ara-ẹni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìwé náà dé gbólóhùn kẹfà. Ibẹ̀ ló ti sọ pé ohunkóhun tó bá fẹ́ fa ìṣọ̀kan orílẹ̀-èdè kan ya, tàbí tó fẹ́ gé lára ilẹ̀ rẹ̀, lòdì sí ìwé ìdásílẹ̀ àjọ náà. Kò ṣòro láti mọ ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́ síbẹ̀. Ní oṣù keje ọdún yẹn gan-an, Moïse Tshombe, olórí ẹkùn Katanga, ti kéde pé ẹkùn náà ya kúrò lára Kóńgò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, ẹ̀rù sì ń ba gbogbo orílẹ̀-èdè tuntun pé tiwọn ló kàn.

Ta wá ni "àwọn ènìyàn" nínú ìpinnu 1514? Gbogbo ẹni tó wà láàárín ààlà tí amúnisìn fà ni, ẹ̀yà yòówù kí wọ́n jẹ́. Ohun tó yẹ kí ọmọ Yorùbá mọ̀ nìyí ju ohunkóhun lọ, torí ó kan ilẹ̀ wa gan-an. Ní 1889, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó, wọ́n fa ààlà kan tó gba àárín Yorùbá kọjá. Kétu àti Sábẹ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ọmọ Kétu bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Dahomey, tó ń jẹ́ Benin lónìí, gba òmìnira ní oṣù kẹjọ 1960, tí Nàìjíríà gba tirẹ̀ ní oṣù kẹwàá, kò sí ẹni tó bi Kétu bóyá ó fẹ́ padà sọ́dọ̀ àwọn ìbátan rẹ̀. Ní Cairo lọ́dún 1964, àwọn olórí Áfíríkà wá fẹnu kò pé ibi tí ààlà wà lọ́jọ́ òmìnira ni yóò máa wà. Mo mọ̀ pé ìpinnu yẹn dun ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó dun èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé Yorùbá nìkan kọ́ ni ààlà pín. Bí wọ́n bá tú ẹyọ kan, kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí kò ní í bá aládùúgbò rẹ̀ jà.

Kódà níbi tí wọ́n ti jẹ́ kí àwọn ènìyàn dìbò, ìbéèrè tí wọ́n bi wọ́n kì í ṣe èyí tí wọ́n fẹ́ dáhùn nígbà gbogbo. Ní 1956, wọ́n bi apá Tógò tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì bóyá kí ó dara pọ̀ mọ́ Gold Coast. Ìdá 58 nínú 100 ní bẹ́ẹ̀ ni, bí apá kan ilẹ̀ Ewé ṣe di ti Gánà títí dòní nìyẹn. Ní oṣù kejì ọdún 1961, ó kan Kamẹrúùnù tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì: ṣé Nàìjíríà ni ẹ fẹ́ bá lọ, tàbí Kamẹrúùnù ti Faransé? Dídá dúró kò sí lórí ìwé ìbò náà. Apá àríwá yan Nàìjíríà, apá gúúsù yan Kamẹrúùnù. Àwọn tó ń jà lónìí fún Ambazonia, orúkọ tí wọ́n fẹ́ fi pe apá gúúsù yẹn, ìbéèrè kẹta tí wọn kò bi àwọn òbí wọn ni wọ́n ń jà lé lórí.

Àwọn ilẹ̀ tí ẹ̀tọ́ ti amúnisìn ṣì kàn lónìí kò pọ̀ mọ́. Mẹ́tàdínlógún ló kù lórí ìwé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, Western Sahara nìkan ló sì wà ní Áfíríkà nínú wọn. Bí ẹnì kan bá ń fi East Timor ṣe àpẹẹrẹ fún yín, ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Potogí ni tẹ́lẹ̀, ó sì wà lórí ìwé yẹn kí wọ́n tó dìbò ní 1999. Orílẹ̀-èdè Yorùbá kò sí lórí rẹ̀, kò sì lè sí, torí ní ojú òfin yìí, Nàìjíríà lódindi ni ilẹ̀ tó gba òmìnira.

Ẹ̀tọ́ láti ní ohùn nínú ilé

Ojú kejì ẹ̀tọ́ yìí ni àwọn ènìyàn sábà máa ń fojú kéré, òun sì ni mo rò pé ó wúlò jù. Ẹ wo ilé ẹbí. Ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí yàrá tirẹ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó ní ìpàdé ẹbí kí wọ́n sì gbọ́ ohùn rẹ̀, kò sì sí ẹni tó yẹ kó máa pinnu fún un ohun tí yóò sè nínú ìkòkò ara rẹ̀. Ìyẹn yàtọ̀ sí kí ó mọ odi la ilé náà sí méjì.

Yúróòpù ló ti kọ́kọ́ rí irú ìdájọ́ báyìí. Àwọn erékùṣù Åland wà lábẹ́ Finland, èdè Sweden sì ni àwọn ará ibẹ̀ ń sọ; wọ́n fẹ́ bá Sweden lọ. Ní 1921, àjọ àgbáyé ìgbà náà dájọ́ pé Finland ni yóò máa ni wọ́n, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dáàbò bo èdè wọn, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n ṣèjọba ara wọn lábẹ́lé. Títí di òní, Åland ní ilé aṣòfin tirẹ̀.

Àmọ́ kí la fẹ́ lọ wá dé Åland? Àwa náà ti ní irú ẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 1957, kí Nàìjíríà tó gba òmìnira rárá, ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn àti ẹkùn Ìlà Oòrùn gba ìjọba ara-ẹni lábẹ́lé. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni olórí ìjọba ní Ìbàdàn. Ẹkùn náà ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìíní 1955. Ó dá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ ní 1959. Ó ní aṣojú tirẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn òmìnira, ó ní ìwé òfin tirẹ̀. Owó kòkó ilẹ̀ wa ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀tọ́ ìpinnu ara-ẹni ni gbogbo ìyẹn, láìsí ẹni tó kúrò ní Nàìjíríà. Àwọn ológun tó gbàjọba ní 1966 ló gbé àṣẹ náà lọ sí àárín. Nígbà tí àwọn àgbàlagbà ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re bá ń pariwo àtúntò, ohun tí a ti ní rí ni wọ́n ń béèrè.

Ìtàn yẹn ní apá kan tí a kì í fẹ́ rántí. Inú ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn yìí ni àwọn Ẹ̀dó, Urhobo, Ìṣẹ̀kírì àti àwọn aládùúgbò wọn wà, wọ́n sì ń sọ pé Yorùbá ti pọ̀ ju àwọn lọ, àwọn fẹ́ ní ilé tiwọn. Ní oṣù keje ọdún 1963 wọ́n dìbò, ẹkùn Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn sì jáde wá. Òun nìkan ni ẹkùn tí Nàìjíríà dá sílẹ̀ nípa ìbò àwọn ará ibẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àṣẹ ológun ló bí wọn. Ẹ̀tọ́ tí a ń béèrè lọ́wọ́ Àbújá, àwọn kan ti béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wa rí, wọ́n sì jàre.

Kọmíṣọ́nnù Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, tó wà ní Banjul, ti sọ̀rọ̀ lórí ojú kejì yìí kedere. Ní 1992, àwọn ará Katanga gbé ẹjọ́ wá pé àwọn fẹ́ òmìnira kúrò lára Zaire, orúkọ tí Kóńgò ń jẹ́ nígbà náà. Kọmíṣọ́nnù náà dáhùn ní 1995 pé ọ̀nà pọ̀ tí a lè gbà lo ẹ̀tọ́ yìí: òmìnira wà lára rẹ̀, ìjọba ara-ẹni wà níbẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ wà níbẹ̀, ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí wọn kò ti fi ẹ̀rí hàn pé wọ́n ń tẹ ẹ̀tọ́ wọn mọ́lẹ̀ débi pé kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe, tí wọn kò sì fi hàn pé wọ́n dí wọn lọ́wọ́ láti kópa nínú ìjọba, ọ̀nà tí kò ba ilẹ̀ Zaire jẹ́ ni kí wọ́n mú. Ní 2009, ó kan àwọn ará gúúsù Kamẹrúùnù. Kọmíṣọ́nnù gbà pé "ènìyàn lápapọ̀" ni wọ́n lóòótọ́, wọ́n ní ìtàn àti ìdánimọ̀ tiwọn. Síbẹ̀, kò fọwọ́ sí ìyapa. Ìdáhùn nìyẹn fún àwọn tó rò pé tí a bá ti fi hàn pé Yorùbá jẹ́ ìran kan, pẹ̀lú èdè àti ọba àti ìtàn rẹ̀, ẹjọ́ ti parí. Kò sí onídàájọ́ tí yóò jiyàn pé Yorùbá kì í ṣe ìran kan. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Yíya kúrò

Kò sí ìwé òfin àgbáyé kankan tó sọ pé ẹ̀yà lè ya kúrò nígbà tó bá wù ú. Kò tún sí èyí tó kà á léèwọ̀ pátápátá. Nígbà tí Kosovo kéde ní 2008 pé òun ya kúrò lára Serbia, wọ́n bi Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague léèrè. Ìdáhùn rẹ̀ ní 2010 ni pé ìkéde náà kò rú òfin àgbáyé. Àwọn ènìyàn fò sókè pé kóòtù ti fọwọ́ sí ìyapa. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ o: kò sọ pé Kosovo lẹ́tọ̀ọ́ láti ya, kò sì sọ pé ó ti di orílẹ̀-èdè. Ohun tí wọ́n bi í nìkan ló dáhùn.

Èrò kan wà tí àwọn onímọ̀ òfin kan dì mú, pé bí ìjọba kan bá ń tẹ ẹ̀yà kan mọ́lẹ̀ débi pé kò sí ọ̀nà ìpinnu ara-ẹni kankan lábẹ́lé, a jẹ́ pé ìyapa di oògùn ìkẹyìn. Gbólóhùn kan nínú ìkéde Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 1970 ni wọ́n fi ń ti èrò náà lẹ́yìn, torí ó ní orílẹ̀-èdè tí ìjọba rẹ̀ ń ṣojú gbogbo ènìyàn láìṣojúsàájú ni ààlà rẹ̀ ní ààbò. Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní Kánádà gbé èrò yìí yẹ̀ wò ní 1998 lórí ọ̀rọ̀ Quebec, ó sì ní kò tíì dájú pé ó ti di òfin. Lójú kóòtù náà, Quebec kò sí lára àwọn tí ó kàn: àwọn ará ibẹ̀ ń di olórí ìjọba Kánádà, wọ́n ń dìbò, wọ́n ní ìjọba tiwọn. Ṣùgbọ́n kóòtù fi nǹkan pàtàkì kan kún un, pé bí ọ̀pọ̀ ará Quebec bá fi ìbò sọ ọ́ kedere, lórí ìbéèrè tó yéni kedere, pé àwọn fẹ́ lọ, ó di dandan kí Kánádà jókòó bá wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ wá wo àwọn tó ti lọ ní Áfíríkà. Eritrea ja ogun ọgbọ̀n ọdún, láti 1961 sí 1991, kó tó dìbò ní 1993. Ilẹ̀ tí Ítálì ti jọba lé lórí lọ́tọ̀ ni tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn so ó mọ́ Ethiopia ni. Gúúsù Sudan jagun láti 1983 dé 2005, àdéhùn tí ìjọba Khartoum fúnra rẹ̀ tọwọ́ bọ̀ ló sì ṣí ọ̀nà ìbò. Ní oṣù kìíní 2011, ìdá 98.83 nínú 100 àwọn tó dìbò ní àwọn fẹ́ lọ. Ààrẹ Sudan náà wà níbi ayẹyẹ òmìnira wọn lóṣù keje. Kí ọdún 2013 tó parí, wọ́n ti ń pa ara wọn. Kò sí kóòtù tó fún èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì ní orílẹ̀-èdè, àwọn tí wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀ ló gbà níkẹyìn. Biafra ẹ̀wẹ̀ kéde ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù karùn-ún 1967. Orílẹ̀-èdè márùn-ún péré ló kà á sí orílẹ̀-èdè, Tanzania, Gabon, Côte d'Ivoire, Zambia àti Haiti. Ní oṣù kìíní 1970 ó parí, lẹ́yìn tí ogun àti ebi ti pa ọ̀kẹ́ àìmọye.

Àwọn ibìkan wà tí wọn kò fi ogun ṣe é. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà kí Scotland dìbò ní 2014, ìdá 55 nínú 100 ní àwọn kò lọ. Ìwé òfin Ethiopia ti 1995, ní abala 39, fún gbogbo ẹ̀yà ibẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti ya kúrò. Erékùṣù Nevis, tó jẹ́ orílẹ̀-èdè kan náà pẹ̀lú Saint Kitts, ní irú àyè bẹ́ẹ̀ nínú ìwé òfin tiwọn. Ní 1998 ìdá bíi 62 dìbò láti lọ, ṣùgbọ́n ìdá méjì nínú mẹ́ta ni òfin béèrè, wọ́n sì wà ńbẹ̀ dòní.

Ìwé ọdún 2007 àti orúkọ tó jọra

Ìwé kan ṣì wà tí wọ́n ń gbé kiri ju gbogbo rẹ̀ lọ: ìkéde Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti oṣù kẹsàn-án 2007 lórí ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀. Abala kẹta rẹ̀ sọ pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ ìpinnu ara-ẹni. Abala kẹrin, tó tẹ̀ lé e tààrà, sọ bí wọn yóò ṣe lò ó: nípa ṣíṣèjọba ara wọn lórí ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Abala 46 sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé náà pín orílẹ̀-èdè. Ìkéde ni, kì í ṣe àdéhùn tó de orílẹ̀-èdè lọ́wọ́. Àwọn 144 dìbò fún un, 4 tako ó, 11 káwọ́ gbera. Nàìjíríà wà lára àwọn 11 náà, nítorí náà ẹni tó bá sọ pé Nàìjíríà fọwọ́ sí i kò sọ òótọ́.

Ẹ tún ṣọ́ra fún orúkọ tó jọra. Ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ UNPO, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní The Hague ní 1991 fún àwọn ènìyàn tí kò ní aṣojú nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Iṣẹ́ rere ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ń kọ́ àwọn ẹ̀yà bí wọ́n ṣe lè sọ ẹjọ́ wọn láìjà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ara Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, wíwọ ẹgbẹ́ náà kò sì sọ ìran kan di orílẹ̀-èdè. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gan-an kì í dá orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Láti wọ inú rẹ̀, ìgbìmọ̀ aláàbò oníjòkòó 15 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pẹ̀lú ìbò 9, kí ìkankan nínú àwọn márùn-ún alágbára má sì kọ̀. Lẹ́yìn náà, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà níjòkòó tí wọ́n sì dìbò yóò fọwọ́ sí i. Ìbuwọ́lùwé mílíọ̀nù kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò rọ́pò èyíkéyìí nínú ìyẹn.

Nílé wa ńkọ́?

Abala kejì ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé orílẹ̀-èdè kan tí kò ṣeé pín, tí kò sì ṣeé tú ká, ni Nàìjíríà. Kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tó fún ìpínlẹ̀ tàbí ẹ̀yà ní àyè láti dìbò lọ. Ṣùgbọ́n abala tó sọ bẹ́ẹ̀ ṣeé yí padà bíi ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù: ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì ní Àbújá, àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36. Ọ̀nà tó gùn ni, ó sì ga. Ẹni tó bá ń rìn ín pẹ̀lú ìwé, ìpàdé àti ìwọ́de wọ́ọ́rọ́wọ́ kò dìtẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni, ìjọba kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti mú un bí ọ̀daràn. Ẹni tó bá gbé ìbọn ti kúrò lábẹ́ ẹ̀tọ́ tí mò ń ṣàlàyé níbí.

Ìwé òfin kan náà ní àyè fún ìbò àwọn ará àdúgbò. Abala kẹjọ ni: bí wọ́n bá fẹ́ dá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó ń gbé agbègbè náà gbọ́dọ̀ fi ìbò gbà á, láfikún sí àwọn ìgbésẹ̀ mìíràn. Láti 1999, kò sí agbègbè kankan tó tíì rìn ín dópin.

Ibi tí nǹkan ti yí padà díẹ̀ ni pípín agbára láàárín Àbújá àti ìpínlẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, lẹ́yìn tí àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ti dìbò sí i, ààrẹ buwọ́ lu àtúnṣe ìwé òfin tó fún ìpínlẹ̀ láyè láti ṣe reluwé, àti láti pèsè iná mànàmáná, kí wọ́n sì pín in kiri, kódà níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ ti dé. Ṣáájú ìgbà náà, Àbújá ló ń dí wọn lọ́wọ́. Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba àkóso iná wọn lábẹ́ ètò tuntun yìí ní 2024, wọ́n sì ti ní àjọ tiwọn tó ń fún ilé iṣẹ́ iná níwèé àṣẹ. Bí iná kò bá dára l'Ádó-Èkìtì, ẹni tí wọ́n fi ìbò yàn níbẹ̀ ni aráàlú lè mú báyìí.